Irú òfin wo ni ó ń mú kí eré ọmọdé dùn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Olùkọ́, Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní àkókò ìsinmi gígùn yìí, mo ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí àgbàlá wa fún ẹ̀kọ́. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Èyí tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méje, èyí tí ó dàgbà jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Aago méjìlá ọ̀sán ni ìwé kíkà máa ń parí, eré ni ó sì máa ń kù títí àwọn òbí wọn yóò fi ti ọjà àti ibi iṣẹ́ dé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìjà pọ̀ níbi eré náà débi pé ó sú mi. Wọ́n ń jà nítorí ẹni tí ó tẹ ilà nínú sùwé, wọ́n tún ń jà nítorí ẹni tí ó yọjú wò níbi bojúbojú kí wọ́n tó ní kí ó ṣí i. Mo wá rò ó pé òfin gan-an ni ó ń dá ìjà sílẹ̀, mo sì sọ fún wọn ní ọjọ́ Ajé pé a kò ní òfin kankan mọ́: kí oníkálukú máa fo sùwé bí ó bá ṣe wù ú, bí ó tẹ ilà tàbí kò tẹ ilà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a wí. Inú wọn dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan lọ jókòó, òmíràn lọ jókòó tì í, nígbà tí aago kan sì fi máa lù, ilà sùwé wà nílẹ̀ gbalaja, kò sí ẹsẹ̀ ọmọ kan nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ni ó wá bá mi, tí ó ní, “Màmá, kò sí nǹkan tí a ń ṣe níbẹ̀ mọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti ń jà rànyìn lọ́kàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, irú òfin wo ni ó ń mú eré dùn, irú èwo ni ó ń bà á jẹ́, báwo ni mo sì ṣe lè dá òfin padà kí ìjà má tún bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Oǹdó

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta ayò lábẹ́ igi kan náà ní ìlú Oǹdó níbí, mo sì lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin yẹn sọ kún fún òye. Nígbà tí ẹ kó òfin kúrò, ẹ rò pé ìdíwọ́ ni ẹ mú kúrò lọ́nà wọn, àṣé eré náà gan-an ni ẹ gbé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọpọ́n ayò ṣe àlàyé. Ojú méjìlá ni ó ní, mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú ẹni tí a jọ ń ta, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin sì ni a ń fi bẹ̀rẹ̀ nínú ojú kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 48. Bí ó bá jẹ́ pé kíkó ọmọ ayò jọ nìkan ni a ń wá, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá lè gbá gbogbo rẹ̀ sínú àpò kí ẹnì kejì tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ta ni yóò kí i kú oríire? Ohun tí ó sọ ọ́ di ayò ni pé ojú tirẹ̀ nìkan ni ó lè bù nínú rẹ̀. Pé bí ó bá ti bù ú, ó ní láti pín in ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ojú dé ojú láìfo èyíkéyìí. Àti pé kò lè jẹ àfi bí ọmọ tí ó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ̀ bá bọ́ sí ojú ẹnì kejì, tí ó sì sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀kan kò ṣeé jẹ, mẹ́rin kò ṣeé jẹ. Nítorí méjì àti mẹ́ta yìí ni a fi ń rí àgbàlagbà tí yóò dákẹ́ lórí ọpọ́n, tí ojú rẹ̀ yóò máa ka ọmọ inú ojú kọ̀ọ̀kan lọ láìfọwọ́ kàn án, tí yóò sì máa kó ọmọ ayò jọ sí ojú kan, èyí tí a ń pè ní odù, títí tí yóò fi di méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lè yí ọpọ́n po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òfin tún wà fún ìyẹn pẹ̀lú: bí ó bá yí ọpọ́n po dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀, yóò fo ojú tí ó ti bù ú, ojú náà yóò sì ṣófo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo òfin ayò ni pé, bí ojú ẹnì kejì rẹ bá ṣófo tán pátápátá, tí o sì ní ọmọ ayò tí ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o fún un. Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ti jẹ 22, ọ̀rẹ́ mi ti jẹ 21, márùn-ún péré ni ó kù lórí ọpọ́n, ọ̀dọ̀ mi sì ni gbogbo wọn wà. Bí kì í bá ṣe ti òfin yìí, ǹ bá ti nawọ́ kó wọn kí n sì dìde. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni ó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ mẹ́ta ni ó sì wà nínú rẹ̀. Mo bù ú, mo pín in sí iwájú rẹ̀, ọ̀kan, ọ̀kan, ọ̀kan. Gbogbo àwọn tí ó yí wa ká dìde dúró. Ó ń ti àwọn mẹ́ta yẹn bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì kánjú rárá, títí tí ọ̀kan fi bọ́ lé ọ̀kan ní ojú mi, ó jẹ méjì. Kò pẹ́ tí ó tún fi jẹ méjì, 25 sì pé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀ta, ìyẹn ẹni tí ó mọ ayò ta, ni mo jẹ́ lójú àwọn ará àdúgbò wa, ọjọ́ yẹn ni mo di ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí a ta pa, síbẹ̀ n kò rò pé mo tíì gbádùn ayò kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ ń lépa nínú eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ọ̀nà tí ó yá jù lọ tí ọmọ lè gbà dé ibẹ̀. Ọ̀nà náà gan-an ni kí òfin dí. Ọgbọ́n tí ọmọ yóò dá láti gba ibòmíràn ni adùn eré.

Ọmọ Ìdànrè

Ọ̀rọ̀ bàbá tà létí mi. Ẹ̀yin ìyá wa, ṣé àwọn ọmọ yín ń gba ilé nínú sùwé? Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìdànrè, ẹni tí ó bá fò ó já láìtẹ ilà ni yóò gba ilé kan, tí yóò fi ẹfun sàmì sí i, ẹlòmíràn kankan kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Bí ilé àwọn ènìyàn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni fífò náà ń le sí i, nítorí pé a lè ní láti fo ilé méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹsẹ̀ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwa tí ó ṣubú níbẹ̀ ni ó tún dìde tò sẹ́yìn láti fò.

Olùkọ́ Eré Ìdárayá, Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohun tí bàbá wa sọ nípa ayò, àwọn tí ó ń ṣe àkóso eré ńláńlá pàápàá ti kọ́ ọ, owó ni wọ́n sì fi kọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1950, ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Fort Wayne Pistons lọ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Minneapolis Lakers. Àwọn Lakers ní òmìrán kan tí kò sí ẹni tí ó lè dí i lọ́wọ́, nítorí náà àwọn Pistons pinnu pé àwọn yóò kàn máa mú bọ́ọ̀lù dání, wọn kò ní jù ú. Kò sì sí òfin tí ó ní kí wọ́n jù ú. Ìdíje náà parí sí 19 sí 18, àwọn òǹwòran sì bínú gidigidi. Ọdún 1954 ni wọ́n tó gbé òfin tuntun jáde pé ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jù ú sí apẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 24. Danny Biasone, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ Syracuse Nationals, ni ó jà fún òfin náà. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ó ṣàkíyèsí pé nínú ìdíje tí ó bá dùn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a máa ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 60, tí ó jẹ́ 120 fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ìṣẹ́jú 48 tí wọ́n ń lò sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2,880. Ẹ fi 120 pín 2,880, ẹ ó rí 24. Ní sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n lo òfin náà, iye àmì-ayò tí ẹgbẹ́ kan ń jẹ nínú ìdíje kan gòkè láti nǹkan bí 79 sí 93. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù ní òmìnira kankan kún èyí tí wọ́n ní. Ńṣe ni wọ́n gba díẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn tí ó dàgbà tó yóò rántí pé kí ọdún 1992 tó dé, ẹgbẹ́ tí ó bá ti fi góòlù kan síwájú lè máa fẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù padà fún aṣọ́lé wọn, kí aṣọ́lé gbé e lọ́wọ́, kí ó sì máa fi àkókò ṣòfò. Ní 1992 ni òfin sọ pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹsẹ̀ gbé fún un. Àwọn aṣọ́lé ráhùn. Lónìí, ẹ wo bí aṣọ́lé ṣe ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù bí agbábọ́ọ̀lù ọwọ́ ẹ̀yìn.

Ní ti àwọn ọmọ yín, èmi náà ní ìṣòro kan pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin tí mo ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dára ju ti gbogbo wọn lọ. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù, ó di ojú góòlù, àwọn tí ó kù kàn ń sáré tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin ìyàwó. N kò bá a wí. Mo kàn sọ pé ní ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ọmọ náà ni ó kọ́kọ́ fajú ro. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun kan náà ni ó ń wo ibi tí ẹnì kejì rẹ̀ dúró sí kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá, àwọn tí kì í rí bọ́ọ̀lù gbá tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé pápá. Òfin kan péré ni o. Bí mo bá fi mẹ́ta lé e lọ́jọ́ kan náà, wọn ìbá máa ronú nípa òfin títí wọn yóò fi gbàgbé bọ́ọ̀lù.

Olùkọ́ Yorùbá, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Gbogbo eré tí ẹ dárúkọ jẹ́ eré ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Mo fẹ́ mú eré ẹnu àti ìwé wá, nítorí ọjọ́ òjò, nígbà tí àwọn ọmọ kò bá lè jáde.

Bí ẹ bá sọ fún ọmọ pé kí ó kọ gbólóhùn kan tí ó wù ú, yóò máa wo òkè àjà. Mo ti rí i títí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kí ó kọ gbólóhùn tí kò ní ní àmì ohùn kankan lórí, ìyẹn ni pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ohùn àárín látòkè délẹ̀, ẹ ó rí i bí yóò ṣe di pẹ́ńsù mú. Ọmọ àkọ́kọ́ tí ó dáhùn ní kíláàsì mi kọ “Ọmọ mi jẹ iṣu.” A yẹ̀ ẹ́ wò, ó dára. Èkejì kọ “Ọmọ mi jẹ ẹ̀bà,” gbogbo kíláàsì sì pariwo pé ẹ̀bà ní àmì méjì. Ó pa á rẹ́, ó fi ẹja sí i. Ẹnì kan gbìyànjú láti fi iyọ̀ sínú ọbẹ̀, iyọ̀ kọ̀, ọbẹ̀ náà kọ̀. Epo àti ata ni wọ́n gbà wọlé. Wọ́n wá rí i pé àwọn kò lè lo “àti” láti so ọ̀rọ̀ pọ̀, pé “ó” kò ṣeé lò, pé “ní” kò ṣeé lò. Ọ̀nà ń dí mọ́ wọn lọ́tùn-ún lósì, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú lórí àga wọn.

Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ nawọ́, ó sì ka tirẹ̀ pé: “Erin jẹ iṣu oko ọkọ mi.” Ọ̀rọ̀ mẹ́fà, kò sí àmì kan ṣoṣo. Ẹ̀rín bú sílẹ̀ nínú kíláàsì nítorí ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó ní ọkọ tí ó ní oko. Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, ọmọkùnrin kan ti sọ ọ́ di méje: “Erin jẹ iṣu oko ọkọ ọmọ mi.” Aago lù fún ìsinmi, ẹnikẹ́ni kò jáde. N kò mọ gbólóhùn tí àwọn ọmọ yìí ìbá kọ bí mo bá ní kí wọ́n kọ ohun tí ó wù wọ́n, ṣùgbọ́n erin kò ní sí níbẹ̀.

Àkíyèsí kan fún àwọn tí etí wọn bá mú: bí a bá sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, ohùn a máa gòkè ní ìparí olùwà kí a tó dé ọ̀rọ̀-ìṣe, ṣùgbọ́n a kì í sábà kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ di eré orí ìwé. Òfin tí kò bá ṣe kedere láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò fi dá ẹjọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ̀gbọ́n Aládùúgbò, ọ̀nà FUTA

Ibi tí olùkọ́ wa parí ọ̀rọ̀ sí ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìyá wa béèrè nípa ìjà, a kò sì tíì dáhùn ìyẹn tó.

Ẹ wo káàdì Wọ́ọ̀tì. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ẹnìkan bá já méjì, ẹni tí ó kàn yóò mú káàdì méjì, bí wọ́n bá sì já mẹ́rìnlá, gbogbo ènìyàn yóò lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá já méjì fún mi, tí èmi náà sì ní méjì lọ́wọ́, ṣé mo lè fi gbè é, kí ìyà náà kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tẹ̀ lé mi? Ní ilé kan, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ilé kejì, rárá. Ìjà tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí láàárín àwọn àbúrò mi pọ̀, kò sì sí ìgbà kan tí òfin fúnra rẹ̀ jẹ̀bi. Wọn kì í fẹnu kò lórí rẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Káàdì méjì náà ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, oníkálukú yóò sì wá máa rántí òfin ilé tí yóò gbè é.

Ohun kejì ni ó dùn mí jù láti sọ. Àwa àgbà a máa ba eré àwọn ọmọ jẹ́ nígbà tí a bá yí òfin padà láàárín eré nítorí pé ọmọ tí a fẹ́ràn ń sunkún, tàbí nígbà tí òfin bá de àwọn kan tí kò sì de àwọn kan. Àṣẹ ni ìyẹn, kì í ṣe òfin eré. Bí ẹ bá fẹ́ ran ọmọ kékeré lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀: kí ọmọ ọdún mẹ́tàlá fi ẹsẹ̀ òsì fo sùwé, kí ọmọ ọdún méje fi ẹsẹ̀ tí ó bá wù ú fò ó. Ẹni tí ó mọ dráàfù a máa yọ ọmọ méjì sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì yóò sì làágùn lórí rẹ̀.

Ìyá Olùkọ́, Alágbàká, Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń lo ìmọ̀ràn yín. N kò ṣe òfin kankan fúnra mi. Mo ko páálí kan fún wọn, mo ní kí wọ́n jọ kọ òfin sùwé sí i kí ẹnikẹ́ni tó ju àpáàdì, wọ́n sì fi odidi ọ̀sán kan jiyàn lórí òfin mẹ́rin. Òfin gbígba ilé tí ọmọ Ìdànrè sọ wà níbẹ̀. Òfin ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ńlá ni wọ́n sì dá a lábàá. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu ni ẹ̀kẹrin, tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dárúkọ: ẹni tí ó bá tẹ ilà, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó rí i, yóò fi ìgbà kan ṣoṣo dúró, ẹni tí wọ́n bá rí tí kò sọ yóò pàdánù ilé rẹ̀.

Ní àná, ọmọbìnrin tí ó sọ fún mi pé kò sí nǹkan tí àwọn ń ṣe níbẹ̀ mọ́ ti ní ilé méjì, ó sì ń fò lọ sí ẹ̀kẹta. Èmi nìkan ni mo dúró sí ibi tí mo ti lè rí gìgísẹ̀ rẹ̀ tí ó kan ẹfun díẹ̀. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Mo tẹ̀ ẹ́,” ó sì jáde. Ìyá rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà láti mú un lọ sílé, ọmọ náà sì bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kó tún kan òun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọmọ ti ń béèrè ayò báyìí. Bàbá, níbo ni mo ti lè rí ọpọ́n rà?

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Oǹdó

Ẹ má tíì rà á, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò méjìlá sínú ilẹ̀ àgbàlá yín, ìlà méjì, mẹ́fà-mẹ́fà, kí ihò kọ̀ọ̀kan gba ìkúùkù ọmọdé. Kí wọ́n ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48 tí ó dọ́gba, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ kọ́ wọn ní bíbù, pínpín, àti jíjẹ méjì tàbí mẹ́ta nìkan. Ẹ má sọ òfin fífún ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣófo fún wọn. Ẹ dúró títí di ọjọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀, tí ọmọ kan bá jókòó síwájú ojú mẹ́fà tí kò sí nǹkan nínú wọn, kí ẹ wá bi gbogbo wọn pé kí ni ó yẹ kí a ṣe. Bí wọ́n bá ti fẹnu kò, kí wọ́n kọ ọ́ sí páálí kí wọ́n tó ta òmíràn. Kí ẹ sì bá mi kọ ohun tí wọ́n bá dáhùn síbí.